Ibi Tí A Kọ Ojú Họ́ọ̀nù Sí

Ọmọ onínàákúnàá ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ wa kú.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ìpàdé ìta gbangba tí ìjọ wa ṣe ní etí ọ̀sà ní Bàrígà ni, lóṣù Kẹjọ ọdún 2023. Àlejò tó wàásù fún wa lálẹ́ ọjọ́ náà mọ ìtàn í sọ. Ó ti mú ọmọkùnrin inú Lúùkù orí 15 kúrò nílé bàbá rẹ̀, ó ti bá a ná owó ogún tán pátápátá, ó ti mú un dé ìlú tí ìyàn ti mú, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú wa bí ẹni tó ń wo oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ tí itọ́ ń dà lẹ́nu. Ó ní, "Ọmọkùnrin yìí wá wo ara rẹ̀, ó ní..." Nǹkan kan hú bí ikọ́ lẹ́yìn kánópì, iná lọ, máìkì dákẹ́. Òjò tó ti ń rọra sẹ̀ látìgbà tí a ti kọrin tán wá ráyè pariwo lórí páànù.

Èmi ni mo ń bójú tó máìkì àti jẹnẹrétọ̀. Kò sẹ́ni tó wo oníwàásù mọ́, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo ojú yí sí.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Ayọ̀ Babalọlá á rántí pé ẹ̀rọ ló ń wà kó tó di wòlíì. Iṣẹ́ ọ̀nà ló ń ṣe, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ló wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1928, ẹ̀rọ náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́, ìdí rẹ̀ ló sì wà tó fi gbọ́ ohùn tó pè é. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ tó kú lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo fa okùn rẹ̀ títí apá fi ro mí. Ohùn kan ṣoṣo tí mo gbọ́ ni ti ọmọ àdúgbò kan tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, tó ní, "Pásítọ̀, ẹ gbé e padà fún ẹni tó tà á fún yín."

Omi ló wọ púlọ́ọ̀gì. Mo ti fi pákó àti ọ̀rá bo jẹnẹrétọ̀ náà lórí dáadáa, àfi bí ẹni pé òkè nìkan ni omi ti ń wá ní Bàrígà. Nígbà tí ọ̀sà bá kún, omi gọ́tà kì í ríbi gbà, á yí padà sáàárín ilé. Ilẹ̀ tí a dúró lé gan-an, ìdọ̀tí àti lẹ́bú pákó ni wọ́n fi dí i kó tó di ilẹ̀. Bí a bá gbẹ́ ẹ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, omi la máa bá níbẹ̀. Orí búlọ́ọ̀kù méjì ni jẹnẹrétọ̀ wà. Omi ti gun búlọ́ọ̀kù náà láìjẹ́ kí n mọ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan wá kọjá, ìgbì tó dá sílẹ̀ ló da omi sí ẹ̀rọ lára. Kí n tó tú púlọ́ọ̀gì, kí n tó fi etí aṣọ mi nù ún, kí iná tó padà dé, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú ti lọ. Oníwàásù fi ohùn ẹnu parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ìlà àga méjì tó wà níwájú. Àwọn tó kù ń wo ẹnu rẹ̀ lásán.

Àwa fúnra wa la mú oṣù Kẹjọ. Òjò Èkó máa ń le jù nínú oṣù Kẹfà, á wá sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ kó tó tún bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án. Ìsinmi yẹn la gbójú lé. Oṣù Kejìlá ì bá dára jù ní ti òjò, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni gbogbo Èkó ń ṣe òde, ta ló máa rí kánópì yá fún wàásù?

Ohun tí a ò rò tẹ́lẹ̀ ni epo. Oṣù Kẹta la ṣe ìṣirò owó. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, bẹntiróòlù tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìpàdé alẹ́ márùn-ún di alẹ́ mẹ́ta. Jẹnẹrétọ̀ méjì di ẹyọ kan. Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ tiẹ̀ dábàá pé kí a máa pa ẹ̀rọ nígbà àdúrà, nítorí pé Ọlọ́run ò nílò máìkì kó tó gbọ́ wa. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí mo gbé kéègì méjì dé ilé epo.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. A kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀, a kọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, a lọ kí Baálẹ̀, a lọ kí àwọn onílé. Ọ̀dọ̀ àwọn onílé yìí ni àgbàlagbà ọmọ Ìlàjẹ kan ti tẹ́tí sí Pásítọ̀ wa títí tó fi ṣàlàyé pé a fẹ́ mú ìhìnrere wá sí etí omi. Bàbá náà mi orí. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ṣé ẹ ti gbọ́ orúkọ Ayétòrò rí?" Ìtìjú mú mi. Àwọn Ìlàjẹ tó jẹ́ ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ló tẹ ìlú náà dó sí etí òkun ní ọdún 1947, tí wọ́n ń gbé bí àwọn Kristẹni inú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, tí gbogbo nǹkan wọn jẹ́ ti àjùmọ̀ní. A ò tíì bí Pásítọ̀ wa nígbà yẹn. Látọjọ́ náà ni mo ti ní kí àwọn ọ̀dọ́ yọ "ibi òkùnkùn" kúrò nínú ìwé ìléwọ́ wa. Wọ́n ti tẹ ẹgbẹ̀rún kan ṣáájú, bẹ́ẹ̀ la ṣe pín in.

Lẹ́yìn àwọn tí a kọ lẹ́tà sí ni àwọn tí a kì í kọ lẹ́tà sí. Àwọn ọmọ àdúgbò dé lọ́jọ́ tí a ń ri kánópì mọ́lẹ̀. Wọn ò bú wa, wọn ò lé wa, wọ́n kàn jókòó. Olórí wọn ní, "Pásítọ̀, kí lẹ mú wá fún àwọn ọmọ?" Gbogbo ẹni tó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì wá, Pásítọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn, títí kan èmi tí mo gbé wáyà kọ́ ọrùn. Pásítọ̀ gidi dá wọn lóhùn pé ìhìnrere kì í san owó òde. Mo fara mọ́ ọn níwájú gbogbo ayé. Nígbà tó lọ tán, mo yọ 5,000 náírà láti àpò ara mi, mo rọra fi lé olórí wọn lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa sọ ọ́ síta nìyí.

Kí àwọn tó ń kàwé yìí má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, atẹ́gùn kan ti orí ọ̀sà jà wá, kánópì gbéra nílẹ̀, irin tí a rì mọ́ lẹ́bú pákó fà yọ bí ìgbà tí èèyàn ń fa ẹ̀pà. Àwọn ọmọ yẹn ló fò dìde. Mẹ́rin nínú wọn di ẹsẹ̀ kánópì mú fún bí ìdajì wákàtí, igbó wà létí ọ̀kan, òun náà ń ṣe "Àmín" nígbà tí a bá ṣe àdúrà. Ṣé owó yẹn ló dì wọ́n mú ni àbí ara wọn? Títí di òní mi ò lè sọ.

Iṣẹ́ iná nínú òjò ló tún kó mi láyà sókè jù. Mo fi ọ̀pá gbé wáyà kọjá lórí àwọn èèyàn, mo da bààlì bolẹ̀ kí n tó gbé àpótí iná lé e. Síbẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú akọrin fi ọwọ́ tútù di máìkì onírin mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán wà nínú ẹrẹ̀, ó bú sígbe, ó fò sókè. Apá kan nínú ìjọ ké "Halelúyà!" Mo sáré lọ pa máìkì náà, nítorí mo mọ̀ pé iná ló gbé e. Orí pákó gbígbẹ ni gbogbo wọn dúró lé lẹ́yìn ìyẹn, pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, mo sì fi ọ̀rá we máìkì. Àwọn kan bá mi wí pé mo ń fi ìbẹ̀rù dí Ẹ̀mí lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni họ́ọ̀nù.

Ẹ̀yin tí ẹ ò bá irú ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́ rí, họ́ọ̀nù ò dà bíi sipíkà onípákó tó ń da ohùn káàkiri. Bíi tọ́ọ̀ṣì ló rí. Á kó ohùn jọ, á ta á lọ síwájú, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ má lè sùn. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé họ́ọ̀nù kọ́ ló ń yan ilé tí ìwàásù máa wọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó rò ó bẹ́ẹ̀. Ojú ilé tó pọ̀ jù ni mo máa ń kọ ọ́ sí.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án kù ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyá kan jáde wá pẹ̀lú ìró lórí àyà. Eléja ni, ọmọ Ẹ̀pẹ́, Mùsùlùmí. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Màmá Eléja. Kò lọ bá Pásítọ̀, kò bá akọrin jà. Ó tẹ̀ lé wáyà pẹ̀lú ojú títí tó fi bá mi níbi tí mo jókòó sí.

Ó ní, "Ìwọ lo ni nǹkan tó ń dún yìí?"

"Ẹ káalẹ́, Màmá. Àwa ni, mà."

"Aago mẹ́ta òru ni mò ń dìde. Ojú fèrèsé mi lo gbé e kọ. Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Mo ní kí wọ́n má bínú. Mo gun òpó, mo yí họ́ọ̀nù kúrò lójú ilé, mo kọ ọ́ sí ọ̀sà. Níbẹ̀ ni gbọ́nmisi-omi-ò-to ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa ará ilé ìgbàgbọ́. Díákónì wa kan bi mí bóyá ẹja ni mo fẹ́ wàásù fún. Ó ka Máàkù 16:15 fún mi lórí, pé kí a lọ sí gbogbo ayé, kí a máa wàásù ìhìnrere fún gbogbo ẹ̀dá. Mo ní Bíbélì kan náà ló sọ ní Òwe 27:14 pé ẹni tó bá jí ní kùtùkùtù, tó ń fi ohùn rara súre fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ègún ni wọ́n máa kà á sí. Ó ní alẹ́ la wà, pé a ò sí ní kùtùkùtù. Mo ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ òwúrọ̀ ẹni tó ń jí ní aago mẹ́ta ni. A ò parí rẹ̀ dòní.

Mo mọ ohun tó ń dùn ún. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé inúnibíni ni. Èmi tí mo ń yí bọ́tìnnì sókè mọ̀ pé nígbà mìíràn, àwa la gbé e dé ibẹ̀. Mọ́ṣáláṣí tó wà ní kọ̀rọ̀ sí wa ní Bàrígà ò da ariwo bo tiwa. Alhaja tó yá wa ní kánópì àti àga ló bá wa bá Ààfáà sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí a kàn máa dákẹ́ díẹ̀ nígbà ìrun mọ̀gàríbì, nǹkan bí aago méje, àti nígbà tí wọ́n bá pe ìṣáì. A dákẹ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, àwọn náà wá yá họ́ọ̀nù wa fún wàásì tiwọn, Ààfáà sì bi mí bóyá mo lè wá bá wọn gbé e kọ́.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn ìwàásù ìta. Ní ọdún 1739, George Whitefield wàásù ní ìta gbangba ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Ohùn ẹnu lásán ló fi ṣe é. Benjamin Franklin wà níbẹ̀, ọkùnrin tó padà wá ṣèwádìí mànàmáná. Kò ronú pìwà dà o, ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ohùn ọkùnrin náà lè dé. Ó ń fẹ̀yìn rìn lọ síhà odò títí tí ariwo àdúgbò fi bo ohùn náà mọ́lẹ̀, ó wá ṣírò pé èèyàn tó lé ní 30,000 lè dúró síbẹ̀ kí wọ́n gbọ́ ọ. Mo ka ìtàn yìí, mo ní ará mi rèé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ní alẹ́ ọjọ́ kejì kí òjò tó dé. Bí akọrin ṣe bẹ̀rẹ̀, mo fẹ̀yìn rìn lọ sí àdúgbò. Lẹ́yìn tí mo ti yí họ́ọ̀nù, ohùn ń dé ilé kẹfà, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ lè gbọ́, ẹni tó bá ti fèrèsé rẹ̀ lè sùn. Mo wá padà lọ sí etí omi, ibẹ̀ lẹnu yà mí. Ohùn máa ń rìn jìnnà lórí omi lálẹ́. Lókèèrè, iná ọkọ̀ ń kọjá lórí afárá Third Mainland, orin wa sì ń lọ pàdé wọn láìsí ohun tó dá a dúró.

Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan dúró sórí omi. Apẹja kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ó ki ọ̀pá ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó jókòó, ó ń mu sìgá. Ó dúró gbogbo ìgbà tí a fi kọrin, ó lọ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ó tún wá, àwọn méjì mìíràn sì wà nítòsí rẹ̀. Nínú Lúùkù orí 5, Jésù ló wà nínú ọkọ̀, àwọn èèyàn ló wà ní èbúté. Tiwa dorí kodò. Nígbà tí Pásítọ̀ pe àwọn tó fẹ́ jọ̀wọ́ ara wọn pé kí wọ́n bọ́ síwájú, mo wo ojú omi. Báwo ni wọ́n ṣe máa bọ́ síwájú? Ọ̀kan nínú wọn gbé ọwọ́ sókè, tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀fọn ló ń lé. Kò sí fọ́ọ̀mù tí mo lè kọ ọ́ sí.

Àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù jẹ́ mọ́kànlá. Mẹ́rin wá sí ìsìn ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Ẹnì kan ló ṣì wà pẹ̀lú wa: ọmọ tó ní igbó létí tó di kánópì mú, òun ló ń bá mi ká wáyà báyìí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2000, nígbà tí Reinhard Bonnke, oníwàásù ọmọ Jámánì, wá sí Èkó, àwọn tó ṣètò rẹ̀ ní èèyàn 1,600,000 ló wà níbẹ̀ ní alẹ́ kan ṣoṣo. Ìgbìmọ̀ wa máa ń mẹ́nu ba iye yẹn nígbà tí wọ́n bá ń bi mí pé kí ló dé tí ohùn ò lọ sókè tó.

Lọ́jọ́ Ajé, mo padà lọ kó wáyà tó kù. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Màmá Eléja wà nídìí ààrò rẹ̀ lẹ́bàá omi, ó ń yí ẹja lórí iná. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn láti òkèèrè, mo fẹ́ kọjá.

"Ìwọ onímáìkì, wá ná."

Mo rò pé ẹ̀sùn ṣì kù nílẹ̀. Mo ní, "Màmá, a ti parí o, ó di ọdún tó ń bọ̀."

"Ta ló bi ọ́? Ọmọ tó lọ bá ẹlẹ́dẹ̀ gbé yẹn. Ìdí ààrò yìí ni mo wà tí mò ń gbọ́ ọ kí iná yín tó lọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá."

"Ṣé ó padà délé?"

Mo ní mo lè fún wọn ní nọ́ńbà Pásítọ̀ wa, pé wọ́n á ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa jù mí lọ. Wọ́n na igi tí wọ́n fi ń yí ẹja sí mi.

"Ìwọ ò sí níbẹ̀ ni?"

Wọ́n fẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kékeré kan sí mi. Mo gbé wáyà kalẹ̀, mo jókòó. Èéfín ń ta mí lójú, ọ̀rá ẹja ń ro sínú iná, ó ń ta páá-páá. Látìgbà tí mo ti ń gbé máìkì fún àwọn oníwàásù, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Mo ní, "Ó wo ara rẹ̀, Màmá. Ó ní, àwọn alágbàṣe bàbá mi ń jẹun yó, ebi sì fẹ́ pa mí síbí."

"Ó wá dìde?"

"Ó dìde, mà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn."

"Sọ̀rọ̀ sókè," ni wọ́n wí, "ẹja yìí ń pariwo."